Níbo ni mo ti lè gbọ́ Deltic tó ń ké láàyè?

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà (Ọ̀fà)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan lórí Deltic, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń fa ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ òyìnbó, ló gbé mi wá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó látilẹ̀. Tí mi ò bá rò ó, ẹ ó ní orí mi ti ń yí.

Bàbá mi wa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1958, fífọ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Lẹ́yìn náà wọ́n di fáyàmáànù, wọ́n ń da èédú síná, kí wọ́n tó wá di dẹ́rẹ́bà gan-an. Èédú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi parí ẹ̀. Ilé wa ò jìnnà sí tẹ́ṣàn. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lóru láti apá Òṣogbo, inú ilẹ̀ ni ìró ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà dé, àwọn abọ́ tánganran ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. Bàbá mi ò ní dìde lórí ẹní. Nínú òkùnkùn ni wọ́n á ti wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹrù nìyẹn. Ó kún." Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní, "Òfìfo ni wọ́n ń dá padà." Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá sáré lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní tẹ́ṣàn láti bi wọ́n. Bí bàbá mi ṣe wí náà ló máa ń jẹ́. Mo pẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe òògùn.

Nínú pálọ̀ wa, káléńdà kan wà lára ògiri tí wọ́n mú wá láti Èbúté Mẹ́ta. Ọdún tó wà lórí ẹ̀ ti kọjá lọ kí wọ́n tó bí mi, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Àwòrán ẹ́ńjìnnì kan ló wà níbẹ̀: búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ojú ọ̀run àárọ̀, imú gígùn, ìlà mẹ́ta aláwọ̀ wàrà tó tẹ̀ kọrọdọ wá sí iwájú, wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kọ DELTIC sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. DELTIC yẹn wà lára ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà, mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ "cat". Mo bi bàbá mi títí pé ìgbà wo ló máa gba Ọ̀fà kọjá. Wọ́n ní, "Tiwa kọ́. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni."

Ọ̀rọ̀ náà kú sínú mi. Àfi ní ọdún méjì sẹ́yìn tí mo ń wá fídíò wáàsí kan lórí YouTube lálẹ́ ọjọ́ kan. Mi ò mọ ohun tó sún ọwọ́ mi tí mo fi tẹ lẹ́tà mẹ́fà yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ké! Kì í ṣe fàkàfìkì tí wọ́n fi kọ́ wa ní jẹ́léósinmi. Kì í sì í ṣe gùdùgùdù bíi jẹnẹrétọ̀ ilé ìfowópamọ́. Ó ń hùn ni, bí ìgbà tí wọ́n kó odindi oko oyin sínú àgbá irin kan, tí wọ́n dé e, tí wọ́n wá ń yí i lọ lórí òkúta. Ìyàwó mi jí, ó ní ta ló ń lọ nǹkan láago méjì òru.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn ẹ̀. Ti ara káléńdà wa ni àkọ́kọ́, 1955 ló jáde, ọ̀kan ṣoṣo ni. Èyí tó yọrí síṣẹ́ jẹ́ méjìlélógún, wọ́n rọ wọ́n láàárín 1961 sí 1962, wọ́n sì ń sáré 160 kìlómítà láàárín wákàtí kan láti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Edinburgh. Nígbà tí ọkọ̀ InterCity 125 dé ní 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn Deltic sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 2 oṣù January ọdún 1982 ni wọ́n fi wọ́n fa èrò kẹ́yìn fún ìjọba. Mẹ́fà ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gé irin, àkọ́bí náà sì wà ní mùsíọ́mù. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows ni wọ́n ti rọ méjìlélógún yẹn. Àgbẹ̀dẹ yìí kan náà ló rọ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì èédú tí wọ́n ń pè ní River tó ṣiṣẹ́ lójú irin tiwa níbí. Bàbá mi da èédú sínú River. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, káléńdà yẹn ò ṣèèṣì dé ilé wa.

Ìbéèrè mi rèé. Ọmọ mi obìnrin ní Leeds ti bímọ. Èmi àti ìyá ẹ̀ ń lọ kí ìkókó ní oṣù July. Ọjọ́ méjì péré ni ìyàwó mi yọ̀ǹda fún mi láti fi rìn. Wọ́n ní mùsíọ́mù rélùwéè ńlá wà ní York, kò jìnnà, wọn ò sì gbowó ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró gbagidi, tí wọ́n fi okùn yí ká bí òkú ọba, kọ́ ni mò ń wá. Èyí tó ń mí ni mo fẹ́ rí. Níbo ni kí n lọ? Ẹ tún bá mi sọ ìdí tí ohùn ẹ̀ ò fi jọ ti èyíkéyìí tí mo gbọ́ ní Ọ̀fà.

Àti ìkẹta: ṣé èmi nìkan ni mo ya irú wèrè yìí ní gbogbo Kwara?

Ajé Òmù (Òmù-Àrán)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan kọ́, àmọ́ ẹ ò lè kún kẹ̀kẹ́ NAPEP kan.

Ẹ má bínú o. Irin rélùwéè ò tiẹ̀ gba ìlú tiwa kọjá, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ adùn ẹ̀. Ohun tí kò yé mi nìyí: àwọn òyìnbó la ojú irin yìí láti kó ẹ̀pà àti òwú wa lọ sétí òkun. Ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, kì í ṣe torí kí èmi àti ẹ̀yin lè lọ kí àna wa. Ẹ́ńjìnnì tiwa ti dógùn-ún mọ́lẹ̀, igbó ti bò wọ́n, ẹ wá ń sunkún tiwọn. Ta ló tiẹ̀ ń sanwó tí wọ́n fi ń tọ́jú àlòkù irin yẹn lọ́hùn-ún? Ìjọba wọn ni? Tó bá jẹ́ ìjọba ni, a jẹ́ pé owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Fítà Àgbà (Ìlọrin)

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà, o káre. Mo mọ irú bàbá tó bí ọ, èmi náà bá irú wọn ṣiṣẹ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe fítà. Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, tí mo ti tú palẹ̀ lè pọ̀ ju ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyàwó mi ti gbé kaná lọ. Mi ò fọwọ́ kan Deltic rí o, ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ni mo bá ṣeré. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ò lè fi ara pamọ́ fún fítà. Jẹ́ kí n là á fún ọ.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀, ti mọ́tò ni o, ti jẹnẹrétọ̀ ni o, sílíńdà kan, písítínì kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n á fi orí sílíńdà dé e lókè, fáàfù á máa ṣí, á máa pa dé. Èyí tí ilé iṣẹ́ Napier ṣe, tó wà nínú Deltic, kò rí bẹ́ẹ̀. Písítínì méjì ló wà nínú sílíńdà kan ṣoṣo, wọ́n kọjú síra wọn bí àgbò méjì tó fẹ́ kàn. Iná á ṣẹ́ láàárín wọn, oníkálùkù á sá padà. Kò sí orí sílíńdà, kò sí fáàfù.

Wàyí o, wo ààrò tí ìyá rẹ fi ń dáná, òkúta mẹ́ta. Níbi òkúta kọ̀ọ̀kan, fi kíráǹkì kan síbẹ̀, irin tí písítínì ń yí. Láti òkúta kan sí èkejì, to sílíńdà mẹ́fà. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni ààrò ní, nítorí náà sílíńdà méjìdínlógún. Ọ̀kan nínú kíráǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa yí lódì sí àwọn méjì tó kù, tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, písítínì ò ní pàdé lásìkò. Igun mẹ́ta yẹn ló fún un lórúkọ, lẹ́tà Delta àwọn Gíríìkì. Ẹni tó ronú kan èyí, orí ẹ̀ pé tàbí kò pé, mi ò tíì mọ̀.

Ìdí tí ohùn ẹ̀ fi dà bí oyin: ní gbogbo ìgbà tí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀kan ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń yìnbọn. Tó bá ń yí ní 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà 18 á yìnbọn ìgbà 27,000. Pín in, á jẹ́ 450 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ méjì ló wà nínú ọkọ̀ kan. Etí ènìyàn kò lè ka ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, á di orin. Class 40, oríṣi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ilé iṣẹ́ English Electric rọ ṣáájú ẹ̀, sílíńdà 16, ó ń yí ní 850, ìgbà méjì-méjì ló sì gbọ́dọ̀ yí kí sílíńdà kọ̀ọ̀kan tó yìnbọn. Bíi 113 ni tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ṣì jọ ìlù.

Ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì Napier yẹn fún, ohun tó lágbára tí kò wúwo. Ìyẹn ni Deltic fi ní agbára ẹṣin 3,300 nínú nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù, tí Class 40 sì ń gbé 133 tọ́ọ̀nù kiri lórí agbára ẹṣin 2,000. Ṣùgbọ́n kò wù mí kí n ṣe fítà ẹ̀ o. Tó bá yọnu, wọn kì í tú u lójú irin. Odindi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń yọ, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò, wọ́n á gbé èyí tó ń ṣàìsàn lọ sí ọ̀gbà iṣẹ́ ní Doncaster. Fún àwa tí wọ́n ń fún ní wáyà àti ìgbàgbọ́ pé kí á fi tún un ṣe, ayé ọba nìyẹn.

Ìmọ̀ràn kan. Tí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń gbé e dìde, má ṣe dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Òróró máa ń ṣàn jọ sínú àgbá èéfín ẹ̀ tó bá wà nídùúró. Bí ó bá ti gbóná, gbogbo ẹ̀ á tú jáde funfun báláú. Aṣọ tí o máa wọ̀ lọ síbi ìkókó, má wọ̀ ọ́ lọ.

Ajé Òmù, tiwa náà kò ṣègbé tán. Lọ wo Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, àwọn ẹgbẹ́ Legacy ló tún un ṣe, tí wọ́n kó ohun èlò rélùwéè àtijọ́ síbẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ó wà.

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́ (Bury)

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú oríire ìkókó o. Ọlọ́run á wò ó.

Èmi nọ́ọ̀sì ni mí, Bury ni mò ń gbé, nítòsí Manchester. Ibi tí ẹ ń wá kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sílé mi. East Lancashire Railway ni wọ́n ń pè é, láti Rawtenstall gba Bury dé Heywood, máìlì méjìlá. Ìjọba ti pa ojú irin yẹn tì, àwọn ará àdúgbò ló tún un ṣí ní 1987. Láti Leeds, ẹ wọ ọkọ̀ dé Manchester Victoria, ẹ wọ tíráàmù Metrolink dé Bury, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé tẹ́ṣàn Bolton Street.

Kí n tó débẹ̀, kí n dá Ajé Òmù lóhùn. Àbúrò, kì í ṣe ìjọba. Àjọ ni. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá àjọ ní Àjàṣẹ́ kí ẹnì kan lè ra ẹ̀rọ ìlọta, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń dáwó ra ẹ́ńjìnnì. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Deltic Preservation Society dá sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí àwọn Deltic ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rí ikú tó ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Mẹ́ta nínú mẹ́fà tó kù, tiwọn ni. Ẹlòmíràn ni owó kò tó lọ́wọ́ ẹ̀, ara ló fi ń san án. Aládùúgbò mi kan wà, olùkọ́ ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Tó bá di Sátidé, á wọ aṣọ tó ti dúdú fún gírísì, á wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ, òfẹ́ ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun máa ń dúró sórí afárá pẹ̀lú ìwé kékeré, òun á máa kọ nọ́ńbà àwọn tó bá kọjá. Ó ní èyí tí òun ń tún ṣe lọ́wọ́ yìí, nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú ìwé yẹn. Mi ò tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ọ̀rọ̀: Deltic kì í ṣe ẹran tí ẹ máa bá lọ́jà ojoojúmọ́. Barrow Hill ni ẹgbẹ́ yẹn ní ibùdó wọn sí, lẹ́bàá Chesterfield, ní ọ̀gbà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ róbótó ní 1870. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé wọn lọ sóde bí egúngún. Ojú irin àtijọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ọjọ́ ọdún dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n á kéde orúkọ àwọn tó ń bọ̀. Ẹ wo ojú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tún wò ó láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, torí àgbà ni gbogbo wọn, àgbà sì lè jí kó ní ara òun ò yá.

Tí Deltic bá kọ̀, ẹ má padà lásán. Níbi tiwa, Class 40 lẹ máa bá. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà, Bury ni ilé wọn. "Whistler" ni wọ́n ń pè é, a-súfèé, torí bí tọ́bò ẹ̀ ṣe ń fọn. Wọ́n sì ní orúkọ fún gbogbo wọn. Class 50, "Hoover" ni, wọ́n ní bí ẹ̀rọ tó ń gbá ilé ló ṣe ń dún. Class 37, katakata ni. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, katakata yẹn ló gbé e lọ́kàn. Wọ́n rọ 309 láàárín 1960 sí 1965, díẹ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ owó títí di báyìí.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa lọ máa bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wọ̀, lápá Heywood. Bí ẹ bá ti kúrò ní Bury báyìí, òkè kan dìde níwájú, ó ga gan-an. Dẹ́rẹ́bà á ṣí i pátá. Ẹ já fèrèsé sílẹ̀, àmọ́ ẹ má yọrí síta o. Ìgbà yẹn lẹ máa rí àgbàlagbà tó pajú dé bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Arúgbó Sáàbó Òkè (Ìlọrin)

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo ń gbọ́ Class 40, Class 40, ẹ ò sì tíì sọ ibi tó kàn wá.

Ní 1961, Apapa ni mo ti wọ Aureol, ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster. Funfun gbòò ni. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo ohun tí mo jẹ ni mo ń bì. Liverpool ló já wa sí. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé kan tó ń súfèé ló fà á. Òtútù ò jẹ́ kí n wò ó dáadáa.

Ó pé ogún ọdún kí n tó kà á níbì kan pé nínú àwọn Class 40 tí nọ́ńbà wọn wà láàárín D210 sí D235, orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sọ wọ́n, torí àwọn ló ń fa èrò lọ sí èbúté Liverpool. D212 ni Aureol. D234 ni Accra. D235 ni Apapa. Apapa tiwa yìí náà ni! Wọ́n kọ ọ́ sára irin, ó ń sáré káàkiri ilẹ̀ wọn. Wọ́n ti gé Accra, wọ́n ti gé Apapa. Ṣùgbọ́n Aureol ṣì wà, ó wà lára Class 40 méje tí wọ́n gbà là. Ọkọ̀ tó gbé mi lórí omi ò sí mọ́, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ṣì wà lórí irin.

Ìwọ ọmọ Òmù, máa bú wọn. Mo ń gbọ́.

Fítà Àgbà (Ìlọrin)

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ wá gbọ́ tèmi náà, ẹ̀yin ará Géérì Àlímì. Nínú Deltic méjìlélógún, mẹ́rìnlá ni wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun pè. Mẹ́jọ tó kù, orúkọ ẹṣin ni! Ẹṣin sáré-sáré tó gba ife-ẹ̀yẹ: Tulyar, Pinza, Meld, Nimbus, Alycidon... Ìlú tó bá ń fi ẹṣin yangàn lọ́jọ́ ọdún, tí kò wá mọ̀ pé ẹṣin onírin wà, ó ti pàdánù. Tulyar àti Alycidon wà lára mẹ́fà tó kù.

Ajé Òmù (Òmù-Àrán)

Apapa? Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ́ńjìnnì òyìnbó?

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ká ohùn ẹ̀, ẹ fi síbí. Mi ò ní mo fẹ́ràn ẹ̀ o.

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà (Ọ̀fà)

Mo ti dé o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ìkókó wà dáadáa, imú bàbá mi ló gbé wá sáyé.

Ọjọ́ kìíní, Barrow Hill. Mo dé Chesterfield, mo wọ takisí. Deltic wà níbẹ̀, ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí òrùlé ẹ̀, wọ́n tú nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n pa màlúù ọdún. Ọkùnrin kan tó ń fọ páìpù ní kò ní jí lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wo ojú mi, ó ní ṣé láti ibo. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní ó jìnnà láti wá wo ẹ̀rọ tó kú. Mo ní káléńdà ló rán mi. Mo rò ó fún un. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó mú mi gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ. Fún àádọ́ta ọdún, ibi ìṣó tí wọ́n fi kan káléńdà yẹn mọ́ ògiri ni mo fi ń díwọ̀n ẹ̀.

Èmi pẹ̀lú Deltic, mi ò tíì gbọ́ ọ láàyè. Ẹ má kí mi kú àṣeyọrí.

Ọjọ́ kejì, Bury. Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run á bùkún ilé ẹ. (Ó sè ìrẹsì ó gbé e wá bá mi ní tẹ́ṣàn, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ tó ń sọ nọ́ńbà katakata fún mi bí ẹni tó ń ka tírà.) Class 40 ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọ kọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe wí. Nígbà tó kúrò ní Bolton Street, ó kọ́kọ́ rọra súfèé lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Nígbà tí imú ẹ̀ dojú kọ òkè yẹn, Fítà Àgbà, ẹ ní ìlù ni: ìlù ni, àmọ́ ìyá ìlù. Inú ìjókòó ni mo ti ń gbọ́ ọ. Súfèé yẹn kò dákẹ́ lórí ẹ̀, bíi fèrè alágbe lórí dùndún. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ká ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àgbàlagbà mẹ́ta pajú dé. Èmi ni ìkẹrin.

Mo lọ ìgbà márùn-ún. Ìyàwó mi pè nígbà mẹ́ta.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Ọ̀fà lórí WhatsApp. Àbúrò mi gbé fóònù sétí bàbá wa. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, etí wọn sì dá ṣáká. Mi ò sọ ohun tó jẹ́. Mo kàn tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọn ò mí. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

Wọ́n ní, "Òkè ni wọ́n ń gùn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

"Kọ́ọ̀ṣì mélòó ló fà?"

Mo ní márùn-ún.

"Ẹ̀hẹ́n. Mo ti ń wò ó. Ohun tí wọ́n gbé fún un kò tó o rárá."